Iná oṣù kọkànlá àti bángà ọdún: ṣé kí àdúgbò ṣì máa dá a ni, àbí kí a pa á tì?

Ìyá Ìbejì, London

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ẹgbẹ́ àwọn olùgbé àdúgbò wa ní gúúsù London ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ojúlé kọ̀ọ̀kan pé kí a dìbò lórí iná ńlá tí a máa ń dá sórí pápá ní alẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá, pẹ̀lú àwọn iná àríyá tí a máa ń yìn sójú ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n là sílẹ̀. Èkíní ni pé kí a máa bá a lọ bó ṣe wà. Èkejì ni pé kí a dín ariwo rẹ̀ kù, kí ó jẹ́ iná àríyá tí kì í bú gbàmù nìkan ni a ó máa rà. Ẹ̀kẹta ni pé kí a pa gbogbo rẹ̀ tì, kí a sì fi owó rẹ̀ tún ibi ìṣeré àwọn ọmọdé ṣe.

Ìdí iná yìí ni mo ti kọ́kọ́ mọ orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn aládùúgbò mi, nítorí pé ní ìlú yìí, ènìyàn méjì lè jọ fi ẹ̀yìn ti ògiri kan náà fún ọdún gbọọrọ láìmọ ohun tí wọ́n ń pe ara wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ní ọtísíìmù, ipò ọpọlọ tó lè mú kí ariwo máa tètè da ọmọ láàmú. Láti àárín oṣù kẹwàá tí àwọn ilé ìtajà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta bángà, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń sùn, yóò fi ìrọ̀rí bo etí méjèèjì, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún un pé ohun tó dún yẹn kì í ṣe ọ̀tá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó mọ orírun rẹ̀, àti ti àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn dáná náà, kí n tó fi ìwé ìdìbò tèmi ránṣẹ́.

Akọ̀wé Àgbà, Sussex

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ibi tí mo ń gbé kò jìnnà sí Lewes, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún yìí tọkàntọkàn ju ibikíbi lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1605, àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì, tí Robert Catesby ṣe olórí wọn, dìtẹ̀ láti da ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wó lé ọba James Kìíní lórí ní ọjọ́ tí ọba yóò wá ṣí ìjókòó ilé, nítorí pé òfin ìlú ń ni ìjọ wọn lára. Wọ́n kó àgbá ẹ̀tù ìbọn 36 sí yàrá abẹ́ ilé náà, wọ́n sì fi Guy Fawkes, ẹni tó ti jagun rí, ṣọ́ ọ. Lẹ́tà kan tí ẹni tó kọ ọ́ kò fi orúkọ sí ló tú wọn fó. Òru ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá ni wọ́n mú Fawkes, alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àwọn ará London sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáná káàkiri ìgboro láti fi yọ̀ pé ọba yè é. Ní ọdún 1606, ilé aṣòfin sọ ọ́ di òfin pé kí a máa ṣe ìsìn ìdúpẹ́ ní ọjọ́ náà lọ́dọọdún, òfin yìí kò sì kúrò nílẹ̀ títí di ọdún 1859.

Ní ti Lewes, ìrora tiwọn tún wà nínú rẹ̀. Láàárín ọdún 1555 sí 1557, ní ayé ọbabìnrin Mary, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì, wọ́n dáná sun ènìyàn 17 nínú ìlú náà nítorí pé wọ́n jẹ́ Pùrótẹ́sítáǹtì. Títí di òní, àgbélébùú 17 tí iná ń jó lára wọn ni wọ́n máa ń gbé kọjá ní ìgboro. Àwọn ẹgbẹ́ oníná ìlú náà ní aṣọ tiwọn, àsíá tiwọn, pápá tiwọn àti ère tiwọn tí wọ́n á sun, gẹ́gẹ́ bí agbo egúngún kọ̀ọ̀kan ṣe ní ìlù àti ẹ̀kú tirẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí Sunday, ọjọ́ Saturday tó ṣáájú ni wọ́n ń ṣe é. Ẹni tó bá dúró sí ẹsẹ̀ títì lọ́jọ́ náà, tí ìtùfù bíi ọgọ́rùn-ún mélòó kan kọjá níwájú rẹ̀, tí ooru ń fọwọ́ kàn án lójú, kò ní béèrè ìdí tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò fi jẹ́ kí àṣà wọn kú. Èmi yóò dìbò fún èkíní.

Ọmọ Ìṣàlẹ̀ Èkó

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun ń sọ̀rọ̀ nípa iná tí ó ní ọjọ́, tí ó ní pápá, tí àwọn panápaná mọ̀ nípa rẹ̀. Bángà ni tiwa níbí, kò sì ní ọjọ́, kò ní pápá.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni a ti máa ń ha orí ìṣáná sínú ihò sípóòkù kẹ̀kẹ́, a ó fi ìṣó kì í bọnú, a ó fi okùn so àwọn méjèèjì pọ̀, a ó sì fì í mọ́ ògiri kí ó lè dún. Àwọn tí òbí wọn lówó lọ́wọ́ a máa ra bísíkò àti nọ́káòtù. Bí a bá ń sọ òótọ́ fún ara wa, ìpayà àwọn àgbàlagbà gan-an ni adùn rẹ̀: a ó ju ọ̀kan sí ẹ̀yìn ìyá oníṣòwò kan, a ó sì sá pamọ́ kí èpè rẹ̀ tó bá wa.

Kí ló wá yí i padà? Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ilé ìkó-ohun-ìjà tó wà ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Ó ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ tó kú, ọ̀pọ̀ wọn sì rì sínú kánáàlì níbi tí wọ́n ti ń sá àsálà. Títí di òní, ẹni tó bá wà ní Èkó lọ́jọ́ náà, bí nǹkan bá dún lójijì, yóò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run ná. Lẹ́yìn náà ni ìgbà bọ́ǹbù dé ní àríwá. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2011, wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé ìjọsìn Kátólíìkì kan ní Mádàllà, nítòsí Abùjá. Lẹ́yìn èyí, ta ni yóò tún rẹ́rìn-ín bí ọmọdé bá yin nọ́káòtù sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì?

Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2012, bángà tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan ní agbègbè Jáńkárà, ní Ìṣàlẹ̀ Èkó, gbaná. Ó pa ènìyàn, ó ṣe ọ̀pọ̀ léṣe, iná náà sì ran àwọn ilé tó yí i ká. Ilé tí ènìyàn ń gbé ni o! Lókè, àwọn ọmọ ń sùn, nísàlẹ̀, ẹ̀tù. Ẹni tó bá mọ bí ilé ṣe fún mọ́ra wọn ní ọ̀nà ibẹ̀ yóò mọ̀ pé ọkọ̀ panápaná kò lè rí ọ̀nà wọlé bọ̀rọ̀.

Gbogbo oṣù kejìlá ni àwọn ọlọ́pàá máa ń kéde pé kò sí àyè fún títa nọ́káòtù tàbí yíyìn ín, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun táyà láàárín títì ní alẹ́ ìparí ọdún. Gbogbo oṣù kejìlá náà ni wọ́n ń tà á lójú ọjà. Bí a bá bi mí, ẹ̀kẹta ni kí Ìyá Ìbejì mú.

Àbúrò Manchester

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a pa gbogbo ohun tó ń pariwo tì, ayẹyẹ wo ló máa kù fún wa? Ẹ̀yin kan náà tí ẹ ń ráhùn nípa iná alẹ́ ọjọ́ kan ni ẹ máa ń gbé gbohùngbohùn sí ìta di ìdájí nígbà òkú àgbà. Bí ìjòyè bá sì kú nílé, ṣé àwọn ọdẹ kì í fi ṣakabùlà yin ìbọn ẹ̀yẹ ni? Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu ìbọn.

Ọmọ Ìṣàlẹ̀ Èkó

Àbúrò, ìbọn ẹ̀yẹ tí ọdẹ ń yìn, ọdẹ tí ìlú mọ̀ ló ń yìn ín, níbi tí ìlú pé jọ sí, nítorí ohun tí gbogbo ìlú mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí mo ń sọ yàtọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Birmingham

Ẹ jẹ́ kí n wọ inú ọ̀rọ̀ yìí láti ẹnu iṣẹ́ mi. Kì í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá nìkan ló ń ṣe àwọn ènìyàn léṣe. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn tí a máa ń fún ọmọdé pé kí ó fi kọ orúkọ rẹ̀ sínú òkùnkùn, ooru rẹ̀ a máa ju 1,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ni omi tó ń hó lórí sítóòfù kò kọjá 100. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò yẹ kó dì í mú rárá, nítorí pé bí ìràwọ̀ iná bá ta sí i lọ́wọ́, kò mọ̀ pé kí òun jù ú sílẹ̀. Àwọn tó dàgbà díẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ fún wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ aṣọ tí apá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹ sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sí tòsí. Ẹ̀yìn tí iná náà bá kú ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń jóná, nígbà tí wọ́n bá mú wáyà náà nílẹ̀, tí wọn ò mọ̀ pé ó ṣì gbóná.

Bí iná bá jó ẹnikẹ́ni, abẹ́ omi ẹ̀rọ tó tutù ni kí ẹ gbé ojú ibẹ̀ sí fún ogún ìṣẹ́jú. Ogún gidi ni o. Ẹ má fi omi yìnyín sí i. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀yin funfun tí ẹ máa ń pọn sí ojú iná yẹn, àti ọṣẹ ìfọyín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sílé. Àwa la máa ń fi ọ̀pọ̀ àkókò fọ̀ ọ́ kúrò kí dókítà tó lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọmọ á sì tún sunkún lẹ́ẹ̀kejì.

Mi ò sọ pé kí ẹ fagi lé e. Ibi tí àwọn tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ń yìn ín, tí a fi okùn pààlà ibi tí èrò lè dúró sí, wàhálà rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti ẹ̀yìnkùlé ilé ẹni.

Ará Edinburgh

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfin ṣe wà, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2003 àti ìlànà ọdún 2004 ti dé, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yin iná àríyá láti agogo mọ́kànlá alẹ́ sí agogo méje àárọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Alẹ́ ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá nìkan ni wọ́n sún un dé ọ̀gànjọ́ òru. Fún ìparí ọdún, Diwali àwọn ará Íńdíà àti ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, ó di agogo kan òru. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ gbé e dání ní ìta gbangba. Ariwo èyí tí wọ́n ń tà fún àwa ará ìlú kò sì gbọ́dọ̀ ju dẹ̀síbẹ̀lì 120 lọ (dẹ̀síbẹ̀lì ni òṣùwọ̀n ariwo), ohun tí àwọn tó ń jà fún ẹranko sọ pé ó ti pọ̀ jù. Àwọn aṣòfin kan ti ń bèèrè pé kí ó wá sílẹ̀ sí 90.

Ní Scotland tiwa, òfin tuntun ti ọdún 2022 gba káńsù láyè láti pàla sí àwọn àdúgbò kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yìn ín níbẹ̀, kódà nínú ọgbà ara rẹ̀. Ìdí kì í ṣe ariwo nìkan. Ní àwọn àdúgbò kan níbí, àwọn ọ̀dọ́ ń dojú rọ́kẹ́ẹ̀tì kọ àwọn ọlọ́pàá àti ọkọ̀ bọ́ọ̀sì. Ní Àríwá Ireland, ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tó ju wáyà ọmọdé lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ.

Ohun tó sì yí ọ̀pọ̀ ọkàn padà níbí ni ti ọmọ ẹranko red panda kan tó ń jẹ́ Roxie, ní ọgbà ẹranko ìlú wa, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ọmọ oṣù mẹ́ta ni. Ìyá rẹ̀ ti kú ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ní alẹ́ tí bángà ń dún káàkiri ìlú, ó bì, èébì náà sì há a lọ́fun. Àwọn dókítà ẹranko sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìpayà ariwo náà ló fà á, wọ́n sì gbà pé ó ṣeé ṣe kó ní ọwọ́ nínú ikú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tí kò bìkítà fún ajá aládùúgbò wọn rí sunkún lórí Roxie. Ìyàlẹ́nu ni àánú ọmọ ènìyàn, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ilé ìtajà ńlá Sainsbury's ti ṣíwọ́ títa á láti ọdún 2019.

Ọmọ Belfast

Ẹ̀yin ń sọ ti ariwo, ẹ̀yin ń sọ ti òfin. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mo fẹ́ bi yín léèrè ohun kan tí ẹ gbójú fò: kí ni wọ́n ń gbé sórí iná náà?

Níbí, kì í ṣe oṣù kọkànlá ni iná wa. Alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù keje ni àwọn Pùrótẹ́sítáǹtì máa ń dá a, láti fi rántí ìṣẹ́gun ọba William ní ọdún 1690. Pálẹ́ẹ̀tì onígi ni wọ́n máa ń tò léra wọn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ títí yóò fi ga ju ilé lọ. Ní ọdún 2022, ti ìlú Larne ju 200 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Àwọn ọmọdé máa ń ṣeré nídìí rẹ̀, àwọn ìyá a máa gbé oúnjẹ wá, ó sì dùn-ún wò, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àsíá Ireland wà lókè rẹ̀, àwòrán àwọn olóṣèlú Kátólíìkì sì wà lára rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, ní abúlé Moygashel, wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi kan sórí iná, wọ́n sì kó ère àwọn aṣíkiri aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n wọ ẹ̀wù ìléfòó, sínú rẹ̀. Wọ́n sun ún bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Èmi àti ìyàwó mi kò jáde sí ìta fún ọjọ́ mélòó kan. Aládùúgbò wa kan, tó máa ń dá iná náà láti kékeré, wá kan ilẹ̀kùn, ó ní ojú ń ti òun.

Sussex tiyín náà kò mọ́ tónítóní. Ní ọdún 2003, ní abúlé Firle tó wà nítòsí Lewes, wọ́n sun ilé onítáyà kan tí wọ́n ya àwòrán ìdílé àwọn Gypsy, ẹ̀yà tó máa ń ṣí kiri, sí ojú fèrèsé rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ọlọ́pàá. Ní Lewes fúnra rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òyìnbó fi ń kun ojú wọn ní dúdú, tí wọ́n ń fi egungun kọ́ imú, pé àwọn ṣe bíi Zulu. Ẹni tó bá ní kí a má fi ọwọ́ kan àṣà, ẹ jẹ́ kó sọ fún wa bóyá èyí náà wà lára rẹ̀.

Akọ̀wé Àgbà, Sussex

Àbúrò mi, ìbéèrè yín tọ́, mi ò sì ní yẹra fún un. Ìdí gan-an tí mo fi rò pé ó yẹ kí iná náà dúró ni pé àwọn tó ni ín ti ń tún un ṣe. Ní ọdún 2017, àwọn oníjó Zulu kan, tí ẹgbẹ́ Lewes Borough fúnra wọn pè pé kí wọ́n wá bá wọn ṣọdún, sọ fún wọn pé àwọn kò lè bá ẹni tó kun ojú ní dúdú jó. Àwọn ará ìlú náà ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà pa ojú kíkùn àti òrùka imú tì. Àwọn arúgbó kan bínú, wọ́n ní bí bàbá àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn; iná náà jó lọ́dún yẹn, bó ṣe ń jó tẹ́lẹ̀.

Ẹ sì rántí pé ère Guy Fawkes tí àwọn ọmọdé máa ń fi àkísà ṣe, tí wọ́n máa ń wọ́ káàkiri láti fi tọrọ kọ́bọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, kò sí ẹni tó mọ̀ pé iná náà ní í ṣe pẹ̀lú ìjọ kankan. Iná lásán ni, pẹ̀lú ọ̀dùnkún sísun àti ápù tí wọ́n fi ṣúgà bò. Ìkórìíra tó bí i ti gbẹ dànù, ìpéjọpọ̀ rẹ̀ ló kù. Ti Moygashel kò tíì dé ibẹ̀, mo gbà.

Ọmọ Belfast

Ó ṣeé ṣe kó gbẹ. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n kàn wá ẹlòmíràn sun. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n.

Ará Bahia

Mo kí gbogbo ilé láti Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní Brazil. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, ó sì yà mí lẹ́nu pé kò sí ẹni tó mẹ́nu kan Ṣàngó, ọba oníná.

Oṣù kẹfà ni oṣù iná níbí. Ní alẹ́ ọjọ́ 23, tí í ṣe àìsùn ọdún Jòhánù Mímọ́, iwájú ilé kọ̀ọ̀kan ní àwọn ìlú kéékèèké Bahia ni wọ́n ti ń dá iná, wọ́n á sun àgbàdo, wọ́n á jó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní àkókò kan náà ni àwọn ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Brazil, máa ń dá iná fún Ṣàngó àti Ayrá, òrìṣà kan tó sún mọ́ Ṣàngó. Mo ti wà níbi ọ̀kan. Wọ́n to igi náà ní ọwọ̀ọ̀wọ́, wọ́n gbé àmàlà onílá síwájú òrìṣà, kò sì sí ẹni tó sún mọ́ iná láìjẹ́ pé ìyálórìṣà ní kó sún mọ́ ọn. Mo rántí àwọn adóṣù Ṣàngó tó ń gbé ajere iná rù lórí nílé. Kò sí bángà, ìlù ló ń dún.

Ní ìta ni bángà wà. Ìlú Cruz das Almas ní eré kan tí wọ́n ń pè ní ogun idà: ọ̀pá oparun tí wọ́n ki ẹ̀tù sí, tí yóò máa tu iná bó ṣe ń sá kiri títì. Ilé ẹjọ́ fòfin dè é ní ọdún 2011, àwọn kan ṣì ń yìn ín ní bòókẹ́lẹ́.

Ohun tí n kò lè gbàgbé níbí ni ti ìlú Santo Antônio de Jesus. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1998, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọwọ́ ká bángà gbaná. Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nínú ìdájọ́ rẹ̀ ní ọdún 2020, ka òkú 60. Àfi ọmọkùnrin kan ṣoṣo, obìnrin ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ ọmọdébìnrin. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, tálákà ni wọ́n, owó tí wọ́n ń gbà lórí ẹgbẹ̀rún bángà kò tó nǹkan. Láti ìgbà tí mo ti mọ ìtàn náà, bí mo bá rí páálí bángà tó ń tàn lójú ọjà, mo máa ń wá orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é lára rẹ̀. Àwa tí à ń jiyàn lórí ariwo kì í sábà bèèrè ta ló ká a.

Ìyá Ìbejì, London

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ti Bahia yẹn kò jẹ́ kí n tètè sùn. Ṣé kò sí ẹnìkan nínú wa tó ń bá wọn ṣètò irú iná báyìí gan-an? Mo fẹ́ mọ ohun tí ó yẹ kí n bèèrè ní ìpàdé.

Olùṣètò Iná, Kent

Èmi wà lára ìgbìmọ̀ tó ń dáná ní abúlé wa, ìyá mi. Ẹ bèèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa to igi. Bí wọ́n bá tò ó sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ń pè ní hedgehog yóò wọnú rẹ̀ lọ sùn, nítorí àkókò yẹn ni ó ń wá ibi tí yóò sùn sí títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá. Ọjọ́ tí a máa dáná gan-an ni àwa ń tò ó. Bí igi bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, a óò tú u, a óò tún un tò sí ojú ibòmíràn. Ẹ bèèrè ohun tó wà nínú igi náà, torí pé àwọn kan máa ń yọ́ àga fóòmù, táyà àti pákó tí wọ́n fi ọ̀dà kùn wọnú rẹ̀ lóru, èéfín wọn sì burú fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Bí ẹ bá gbọ́ pé bẹntiróòlù ni wọ́n fi ń tàn án, ẹ dìde kúrò ní ìpàdé náà. Apá ńlá nínú owó wa ń lọ sí owó ìbánigbófò àti àwọn tó ń ṣọ́ èrò. Ohun tó sì ń pa irú àjọ̀dún yìí ní ọ̀pọ̀ káńsù nìyẹn: owó ni, kì í ṣe ẹ̀sìn, kì í sì í ṣe ajá.

Ní ti ariwo, àwa ti yí sí èyí tí kì í bú láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé kò dún rárá. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé wọn kì í fi ẹ̀tù ìbúgbàmù sí i lóókan àyà, nítorí náà kì í ga lọ títí, ó máa ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ ni. Àwọ̀ rẹ̀ kò dín kù, nítorí inú iyọ̀ irin ni àwọ̀ ti ń wá: strontium ló ń fún un ní pupa, barium ní àwọ̀ ewé, bàbà ní àwọ̀ aró, èyí tó ṣòro jù lọ láti rí gbà dáadáa. Àwọn ọkùnrin kan ní abúlé wa ráhùn pé iná àwọn obìnrin ni a sọ ọ́ dà. Èrò tó wá lọ́dún yẹn kò dín, àwọn tó gbé ọmọ ọwọ́ wá sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́tà nìkan ni kò náni lówó púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni a ti ń fi í sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé tó wà nítòsí, a óò kọ agogo tó máa bẹ̀rẹ̀ àti agogo tó máa parí sínú rẹ̀, a kì í sì í kọjá rẹ̀. Bàbá kan tó ti jagun ní Iraq wà ní abúlé wa. Ó sọ fún mi pé ariwo náà kọ́ ni ìṣòro òun, bí kò ṣe èyí tí òun kò mọ ìgbà tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tiwa, ó máa ń wakọ̀ lọ sí etíkun títí a ó fi parí.

Ìyá Ìbejì, London

Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ bàbá tó jagun yẹn ni ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Alẹ́ ọjọ́ karùn-ún kọ́ ni ó ń bà á lẹ́rù jù, nítorí pé a lè sàmì sí ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà, kí ó fi ìbòtí sí etí, kí a sì lọ sí ilé àbúrò mi. Àwọn bángà tí ẹnikẹ́ni ń yìn lẹ́yìnkùlé láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kìíní ló ń bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdìbò tí wọ́n ní kí a ṣe yìí kò kàn wọ́n rárá. Bí a bá pa ti pápá tì, ti ẹ̀yìnkùlé ni yóò pọ̀ sí i.

Nítorí náà, èkejì ni mo máa dìbò fún. Mo sì máa gbé àbá kan lọ síbẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ wa bẹ àwọn ilé ìtajà méjì tó wà ní òpópónà wa pé kí wọ́n má tà á fún gbogbo oṣù kẹwàá, kí a sì jọ kọ̀wé sí aṣòfin wa lórí dẹ̀síbẹ̀lì 90 yẹn.

Ọmọ Ìṣàlẹ̀ Èkó

Ìyá Ìbejì, kò burú, ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí ẹ̀kẹta. Òfin yín ní agogo, ó ní dẹ̀síbẹ̀lì, ó ní ọjọ́ orí, síbẹ̀ ọmọ yín ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ilé ìtajà yẹn yóò bi yín pé ta ni yóò san èrè tí wọ́n pàdánù.

Olùṣètò Iná, Kent

Ọ̀kan nínú wọn ní abúlé wa gbà láti dẹ́kun, nígbà tí a ní kó wá máa ta ọ̀dùnkún sísun àti tíì gbígbóná lórí pápá lálẹ́ ọjọ́ náà. Èkejì kọ̀ jálẹ̀. Ìyá Ìbejì, ohun kan tí mo gbàgbé: bí wọ́n bá máa sun pálẹ́ẹ̀tì, ẹ bèèrè ẹni tó máa fa mágínẹ́ẹ̀tì lórí koríko náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí pé ìṣó tó wà lára pálẹ́ẹ̀tì kì í jóná, pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù sì ni.